Ihò Tí Ó Lu Já: Àríwísí lórí Ọ̀rọ̀ Tọ́nẹ̀lì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ó ti rí fún ọjà náà ni ó rí fún èdè. Ọ̀nà oríṣiríṣi ni ọ̀rọ̀ àjèjì ń gbà wọ inú èdè wa. Òmíràn bá òwò wọlé, òmíràn bá ẹ̀sìn wọlé, òmíràn sì jẹ́ pé àwọn oníròyìn ni wọ́n gbé e wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹnikẹ́ni tó ronú lórí ohun tí a óò máa pè é. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá oníròyìn wọlé ni ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "tunnel", èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti sọ di tọ́nẹ̀lì. Mo fẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò fínnífínní. Kì í ṣe pé ó ṣòro ni mo ṣe mú un. Ohun tí ó mú mi mú un ni pé gbogbo ènìyàn rò pé ó rọrùn.

Ẹni tí ó bá ń tẹ́tí sí rédíò ní èdè Yorùbá kò ní ṣàì gbọ́ ọ. Alálàyé eré bọ́ọ̀lù a ní àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń jáde bọ̀ láti inú tọ́nẹ̀lì. Oníròyìn a ní àwọn olè kan gbẹ́ ihò lábẹ́ ilẹ̀ wọ inú báǹkì. Ẹni tí ń ṣe ètò ìlera a sọ̀rọ̀ nípa àìsàn ihò ọrùn ọwọ́. Olóṣèlú a wá fi tirẹ̀ dé e ládé: a ní kí ará ìlú ṣe sùúrù, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ń bẹ ní òpin ihò náà. Ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀nyí, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni ó sì bí wọn. Ìbéèrè mi ni pé, nígbà tí a bá fi ihò túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí, kí ni ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń gbọ́?

Ó ti pẹ́ tí mo ti máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nínú ẹ̀kọ́ ìtumọ̀ ní gbólóhùn kúkúrú kan: pé ọkọ̀ ojú irin wọ inú tọ́nẹ̀lì ní ẹ̀gbẹ́ òkè kan, ó sì jáde ní òdì kejì òkè náà. Ìdáhùn tí mo máa ń rí kì í ju mẹ́rin lọ. Àwọn kan a kọ ihò, àwọn kan a kọ kòtò, àwọn kan a kọ àjà ilẹ̀, àwọn tí ó kù a sì kọ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn tí ó kọ kòtò pé wọ́n ti fi gbogbo èrò ọkọ̀ náà ṣòfò, nítorí pé ọkọ̀ tí ó bá já sí kòtò, àwọn panápaná ni í lọ yọ ọ́. Àwọn tí ó kọ àjà ilẹ̀ ti sọ awakọ̀ di ẹlẹ́wọ̀n. Àwọn tí ó kọ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò lọ sí abẹ́ ilẹ̀ rárá. Inú òkè ni ó gbà kọjá, ojú irin tí ó ń tọ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tí ó kọ ihò kò ṣìnà, àmọ́ wọn kò délé. Òǹkàwé rí ọkọ̀ tí ó wọ inú ihò, kò rí ohun tí yóò mú un jáde.

Kò sí àní-àní pé èdè wa kò tòṣì nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ihò ni baba gbogbo wọn: ihò imú, ihò àpáta, ihò eku, ihò ejò. Kòtò ni èyí tí ó jìn sílẹ̀ tí ojú rẹ̀ sì là sí òkè. Ọ̀fìn ni kòtò tí a fi ète gbẹ́, tí a bò lójú, kí ẹran tàbí ọ̀tá lè jìn sí i. Ọ̀gbun ni èyí tí ojú kò tó ìsàlẹ̀ rẹ̀. Yàrà ni èyí tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ yí ìlú ká nítorí ogun. Èyí tí a ń pè ní Ẹrẹdò Súngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà, yàrà ni, bí ó ti wù kí ó jìn tó. Kànga ni ti omi. Isà ni ti òkú. Àjà ilẹ̀ ni iyàrá tí ó wà lábẹ́ ilé, ibi tí a ń kó ẹrù sí tàbí tí a ń ti ọ̀daràn mọ́.

Bí a bá yọ yàrà sílẹ̀, nítorí pé òkè rẹ̀ là gbalasa, ohun kan ni ó so gbogbo ìyókù pọ̀. Ẹnu kan ni a máa ń fọkàn rò mọ́ wọn. Ẹnu tí ènìyàn bá bá wọlé náà ni yóò bá jáde, bí yóò bá jáde rárá. Òótọ́ ni pé ihò òkété yàtọ̀. Ọdẹ tí ó bá fẹ́ fi èéfín fín òkété mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ẹnu kejì ihò náà rí, kí ẹran má baà gba ibẹ̀ sá lọ nígbà tí òun ń fẹ́ iná ní ẹnu àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ọdẹ ni ìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà, ihò, kò sọ ọ́. Bí a bá sọ fún ọmọdé pé ihò wà níbì kan, kò ní béèrè pé ibo ni ó já sí. Ohun tí yóò béèrè ni pé kí ni ó wà nínú rẹ̀.

Kí á tó dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bi, ó yẹ kí á bi àwọn tí ó ni ọ̀rọ̀ náà léèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Inú èdè Faransé àtijọ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yá a. Orúkọ àgbá ńlá tí a ń rọ ọtí sí ni "tonne". Àgbá kékeré ni "tonel". Ìdílé kan náà ni tọ́ọ̀nù tí a fi ń wọn ẹrù wíwúwo ti jáde wá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ fara hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, kì í ṣe ọ̀nà ni wọ́n ń fi í pè. Àwọ̀n ni. Àwọ̀n náà gùn gbọọrọ, ẹnu rẹ̀ gbòòrò, ìdí rẹ̀ há, àwọn ọdẹ a sì máa rọra da àwọn ẹyẹ bí àparò wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n fi orúkọ náà pe ojú ihò tí èéfín ń gbà jáde kúrò nínú ilé. Ó di ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ipa omi fún ọkọ̀ ojú omi gba inú àwọn òkè wọn, kí tọ́nẹ̀lì tó di orúkọ ọ̀nà. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún dé, àwọn Faransé fúnra wọn padà wá yá ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìtumọ̀ tuntun, bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti ìdálẹ̀ dé tí kò dá a mọ̀ mọ́.

Òǹkàwé tí ó bá mọ iṣẹ́ apẹja yóò ti rí ibi tí mo ń lọ. Àwọ̀n àparò yìí àti ìgèrè wa, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìgèrè ni apẹja máa ń hun, tí ó máa ń dẹ sínú odò, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tí inú rẹ̀ sì ń há lọ. Ẹja rí ẹnu ọ̀nà, ó rí àyè, ó rò pé ọ̀nà ni. Ó wọlé tán kí ó tó mọ̀ pé kò sí ibi tí ibẹ̀ já sí. Ohun tí tọ́nẹ̀lì jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ nìyẹn. Ohun tí ó sọ ọ́ di ọ̀nà ni pé, lọ́jọ́ kan, wọ́n fi orúkọ ìgèrè pe ohun tí ìdí rẹ̀ là. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn. A óò padà sórí rẹ̀.

Gbogbo ayé kọ́ ni ó sọ ọ́ lórúkọ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́. Ní ọdún 1880, wọ́n rí àkọlé kan lára ògiri ihò omi kan ní Jerúsálẹ́mù, èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọba Hesekáyà ni ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ ní nǹkan bí 700 ọdún ṣáájú ìbí Jésù. Gígùn rẹ̀ lé ní 500 mítà. Àkọlé náà ròyìn bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ méjì ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ìhà méjèèjì, bí àwọn kan ṣe gbọ́ ohùn àwọn kejì láti inú àpáta, àti bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ pàdé ara wọn tí omi sì ṣàn kọjá. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí wọ́n lò fún iṣẹ́ náà wá láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí "dá lu". Bákan náà ni ó wà ní erékùṣù Samos ní ilẹ̀ Gíríìkì, níbi tí ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Eupalinos ti darí iṣẹ́ tí ó la òkè já fún omi ìlú ní ọ̀rúndún kẹfà ṣáájú ìbí Jésù. Gígùn tirẹ̀ lé ní 1,000 mítà, ìhà méjèèjì ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ òun náà. Nígbà tí Herodotus ń kọ ìtàn rẹ̀, ohun tí ó pè é ni ìwalẹ̀ ẹlẹ́nu méjì.

Ẹ wo bí ó ti hàn kedere. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wo ìrísí rẹ̀, wọ́n rí àgbá àti àwọ̀n. Àwọn Hébérù wo iṣẹ́ tí a ṣe, wọ́n rí lílu. Àwọn Gíríìkì wo ẹnu rẹ̀, wọ́n kà á, ó pé méjì. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tí ó yẹ kí á tẹ̀ lé kò lè jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ìrísí nìkan ni ó mú, ìrísí a sì máa tan ni jẹ. Ti àwọn Gíríìkì dára, ṣùgbọ́n kò ní bọ́ sí i lẹ́nu Yorùbá: ẹni tí ń sọ̀tún sọ̀sì ni àwa ń pè ní ẹlẹ́nu méjì. Èyí tí ó bá èdè wa mu ni ti àwọn Hébérù, ìdí rẹ̀ sì ni pé a ti ní ọ̀rọ̀ náà nílé.

Ọ̀rọ̀ náà ni "já". Kò gùn, kò sì ní ariwo, ṣùgbọ́n òun ni ó ru gbogbo ìtumọ̀ yìí. Bí àlejò bá béèrè ọ̀nà, a ó ní, "Ọ̀nà yìí já sí Ọ̀yọ́." Bí ènìyàn bá kúrò nínú ilé, a ó ní ó jáde, èyí tí í ṣe já àti òde tí a sọ pọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá parí, a ó béèrè ohun tí ó já sí. Bí ọ̀nà kan bá gé ìrìn kúrú, àbùjá ni, àwọn àgbà sì ti kìlọ̀ fún wa pé kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ. Bí abẹ́rẹ́ bá wọ aṣọ tí ó sì yọ lódì kejì, a ó ní ó lu já. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ihò àti ihò tí ó lu já ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìgèrè àti ọ̀nà. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́: obìnrin tí ó ra ìkòkò lọ́jà kò ní bínú bí ó bá rí ibi tí ó jìn wọnú díẹ̀ lára rẹ̀; bí ó bá ti lu já, yóò dá a padà fún ẹni tí ó tà á.

Nítorí náà, ohun tí mo dábàá ni pé kí á máa pe tọ́nẹ̀lì tí ènìyàn tàbí ọkọ̀ ń gbà kọjá ní ọ̀nà àlujá. Bí a ti ṣẹ̀dá àbùjá láti ara bù àti já náà ni a óò ṣe ṣẹ̀dá àlujá láti ara lu àti já. Kò sí ohun àjèjì nínú rẹ̀. Àwọn tí ó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì kò bẹ̀rẹ̀ láti ara àpótí rẹ̀ tàbí wáyà rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni wọ́n wò, pé ó ń sọ̀rọ̀ kò sì gba èsì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó yẹ kí á ṣe sí tọ́nẹ̀lì. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń lu já.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ dán an wò. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, Marc Brunel bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan lábẹ́ odò Thames ní ọdún 1825. Omi ya wọ inú rẹ̀ léraléra. Ní 1828, òṣìṣẹ́ mẹ́fà ni ó bá a lọ. Ọdún 1843 ni wọ́n tó ṣí i fún ará ìlú, bẹ́ẹ̀ ni gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí 400 mítà lọ. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí a mọ̀ lábẹ́ odò tí ọkọ̀ ńlá ń gbà. Yorùbá ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bàbá yìí àti ọmọ rẹ̀ kò wò ó. Títí di òní, ọmọ Yorùbá tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Rotherhithe lọ sí Wapping, inú ọ̀nà náà ni yóò gbà. Bí a bá ní ó gba inú ihò abẹ́ odò, ìyá rẹ̀ nílé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Bí a bá ní ó gba ọ̀nà àlujá abẹ́ odò, ìyá náà yóò mọ̀ pé ọmọ òun ti dé òdì kejì. Bákan náà ni ti èyí tí ó so ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Faransé lábẹ́ òkun, tí gígùn rẹ̀ tó 50 kìlómítà, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 6, oṣù karùn-ún, ọdún 1994. Ọjọ́ tí ayé fi ń rántí iṣẹ́ náà jù ni ọjọ́ kìíní, oṣù kejìlá, ọdún 1990, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ láti ìhà méjèèjì pàdé lábẹ́ òkun tí wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́. Ọjọ́ tí ó lu já nìyẹn.

Ti ibi ìwakùsà yàtọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa pe ihò tí àwọn tí ń wa èédú ń wọ̀ náà ní tọ́nẹ̀lì. Ní Enugu, níbi tí ìjọba amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa èédú ní ọdún 1915, ẹ̀gbẹ́ òkè ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wọlé, ibi tí wọ́n bá ti wọlé náà ni wọ́n sì máa ń bá jáde ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ibi ìwakùsà Iva Valley béèrè ẹ̀tọ́ wọn ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1949, ìbọn ni ọlọ́pàá fi dá wọn lóhùn, ènìyàn 21 ni ó sì kú. Ẹni tí yóò bá kọ ìtàn àwọn wọ̀nyí ní Yorùbá kò gbọdọ̀ pe ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà àlujá. Ihò ìwakùsà ni. Ẹnu kan ni a ń bá wọlé sí i, èédú ni ó wà ní òpin rẹ̀, kì í ṣe òde. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní ọ̀rọ̀ kan fún ohun méjì yìí lẹ́nu ojoojúmọ́, Yorùbá lè yà wọ́n sọ́tọ̀, kò sì sí ìdí tí kò fi yẹ kí ó yà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìlera ni ó léwu jù. Ní ọrùn ọwọ́ wa, àyè tóóró kan wà láàárín eegun àti awọ líle kan, níbi tí àwọn iṣan tí ń gbé ìka àti ọ̀kan tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ìka ń gbà kọjá. Bí àyè yẹn bá há jù, ìka a máa kú tipiri, ọwọ́ a sì máa dunni lóru. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pe àyè náà ní tọ́nẹ̀lì. Aláṣọ òfì tàbí aránṣọ tí a bá sọ fún pé ihò ọrùn ọwọ́ ni ó ń bá a jà yóò máa wá ojú egbò tí kò sí. Bí a bá sọ fún un pé ọ̀nà tí iṣan ń gbà kọjá ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ni ó há, yóò yé e lójú ẹsẹ̀, yóò sì mọ ìdí tí a fi ní kí ó sinmi. Ní ọdún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, wọ́n gbé àwọn àgọ́ kan kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ọjà àti ọ́fíìsì tí ń fín oògùn apakòkòrò sí ènìyàn lára bí ó bá ti ń kọjá. Tọ́nẹ̀lì ni wọ́n pe ìyẹn náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé kí a má ṣe fín irú oògùn bẹ́ẹ̀ sí ènìyàn lára rárá, nítorí pé ó lè pa ojú, awọ ara àti èémí lára. Ẹni tí ó bá túmọ̀ ìkìlọ̀ náà pé kí a má wọ inú ihò kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ihò níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè yẹra fún.

Ìgbà mìíràn sì wà tí kò sí ilẹ̀ gbígbẹ́ kankan nínú ohun tí orúkọ rẹ̀ ń pariwo abẹ́ ilẹ̀. Kí ogun abẹ́lé tó bẹ́ ní Amẹ́ríkà ní 1861, àwọn ẹrú tí ń sá kúrò ní gúúsù gba ọwọ́ àwọn ènìyàn tí ń fi wọ́n pamọ́ láti ilé dé ilé títí wọ́n fi dé àríwá tàbí Kánádà. Harriet Tubman, tí òun fúnra rẹ̀ ti sá kúrò lóko ẹrú, padà lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì tún padà lọ, láti mú àwọn mìíràn wá. Orúkọ tí wọ́n fún ètò yìí ni Underground Railroad. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ti ṣi òǹkàwé lọ́nà: kò sí ojú irin níbẹ̀, kò sì sí tọ́nẹ̀lì. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ni, ọ̀nà tí a ń gbà kí ojú má baà rí wa. Ìbátan wà láàárín àwọn tí ó gba ọ̀nà náà àti àwa tí a kù sílé, nítorí náà ìtàn wọn yẹ ní ìtumọ̀ tí ó tọ́.

Mo ti wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan gbogbo wa gbọ̀ngbọ̀n, èyí ni ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ní ó wà ní òpin ihò. Nígbà ogun Vietnam ni àwọn olórí Amẹ́ríkà lo àfiwé yìí títí tí àwọn ènìyàn wọn fi sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. Tiwa kò tíì di ẹ̀fẹ̀. Láti ìgbà ètò SAP tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1986 títí di ìgbà tí ìjọba kéde pé òun ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, àfiwé yìí kò kúrò lẹ́nu àwọn tí ń ṣàkóso wa àti àwọn tí ń gbẹnu sọ fún wọn. Wọ́n sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn oníròyìn sì túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ìyá tí ń ta ata.

Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ọ bí ìyá náà ti gbọ́ ọ. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé inú ihò ni ó wà. Kò mọ ìgbà tí ó wọ ibẹ̀. Wọn kò sọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ wà ní òpin rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú èdè tirẹ̀, òpin ihò ni ibi tí òkùnkùn pọ̀ sí jù. Bí ó bá tilẹ̀ fojú inú wo ohun tí ó tọ́ bí ọ̀pá, tí ènìyàn lè dúró níhìn-ín kí ó rí ìmọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún, ọgbọ́n àwọn baba rẹ̀ yóò takò ó, nítorí pé wọ́n ti wí fún un pé ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Àṣìtumọ̀ ni gbólóhùn náà, mo gbà. Àmọ́ nígbà mìíràn mo máa ń rò pé àṣìtumọ̀ náà bá ipò ìyá náà mu ju èyí tí olóṣèlú sọ ní Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ẹni tí ó gba ìlérí yìí ní 1986 tí a tún ṣe é fún ní 2023 ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bóyá ọ̀nà àlujá ni òun wà nínú rẹ̀ tàbí ìgèrè. Ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ méjèèjì rí.

Ohun tí Yorùbá ń sọ nígbà ìṣòro yàtọ̀ pátápátá. A ó ní, "A óò là á já." Já náà nìyí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ inú gbólóhùn náà. Nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, ìmọ́lẹ̀ ni ó wà, ènìyàn kò sí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ nǹkan kan, ẹnikẹ́ni kò rìn. Nínú ti Yorùbá, àwa ni a wà níbẹ̀, àwa ni a ń là á, bẹ́ẹ̀ ni lílà náà kò ní parí àfi bí ó bá já. Olórí tí ó bá sọ fún ará ìlú pé "a óò là á já" ti ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tí yóò la ìyà náà kọjá. Wọ́n sì lè bi í lọ́jọ́ iwájú ohun tí òun fúnra rẹ̀ là. Èyí tí ó ní ìmọ́lẹ̀ wà ní òpin ihò kò ka ara rẹ̀ mọ́ ohunkóhun. Ó lè jẹ́ pé òkè ni ó dúró sí tí ó ń wo inú ihò.

Àwọn kan yóò sọ pé mo ń fi ọ̀rọ̀ kékeré ṣe àṣejù, pé kí á kúkú máa sọ tọ́nẹ̀lì kí á sì máa lọ. Èmi kò bá ọ̀rọ̀ yíyá jà. A yá bíríìjì, afárá kò sì kú. Awakọ̀ tí ó bá ní òun gba tọ́nẹ̀lì Blackwall lọ sí ibi iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àlàyé, nítorí pé ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ mọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ka ìròyìn, ẹni tí ń túmọ̀ ìwé fún ọmọ ilé-ìwé, àti ẹni tí ń ṣàlàyé àìsàn fún aláìsàn kò sí ní ipò awakọ̀ yẹn. Iṣẹ́ wọn ni kí ohun tí wọ́n sọ yé ẹni tí kò débẹ̀ rí. Àwọn àgbà onímọ̀ èdè ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí èdè-ìperí fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ọ̀nà, afárá, kùsà àti ìlera ṣì ń dúró dè wá.

Ohun tí mo ń bẹ̀ àwọn oníròyìn àti àwọn atúmọ̀-èdè fún kò pọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá tún dé iwájú wọn, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó lu já. Bí ó bá lu já, kí wọ́n pè é ní ọ̀nà àlujá, kí wọ́n sì sọ ibi tí ó já sí. Bí kò bá lu já, kí wọ́n pè é ní ihò, kí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ lè mọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ẹnu olóṣèlú ni ó ti jáde, kí wọ́n má ṣe túmọ̀ rẹ̀ rárá títí wọn yóò fi bi í léèrè ẹni tí ó gbẹ́ ihò náà, bí ó ti gùn tó, àti ẹni tí ó ti bá ẹnu kejì rẹ̀ jáde rí.